Ológbò tó ń fa ìkòkò tábà: ẹ wá gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn yín, ó kàn mí. Garfield, ológbò inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti July 27, 1978 ni mo ń wí, nígbà tí Jim Davis tó ń yà á ò tíì lo oṣù méjì pẹ̀lú ológbò yìí nínú ìwé ìròyìn.

Àwòrán mẹ́ta péré ni. Jon, ẹni tó ni Garfield, ń ka ìwé ìròyìn. Ó nawọ́ sórí tábìlì, ó ní níbo ni ìkòkò tábà òun wà? Nínú ẹ̀kẹta, Garfield ló ń fà á, Jon sì figbe ta: “Garfield!”

Àbúrò mi tó fi hàn mí rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi ò lè lọ. A jẹun alẹ́ tán, mo ṣì ń bi í pé: ta ni Jon ń bi ní ìbéèrè yẹn? Òun àti ológbò nìkan ló wà nílé. August 7 ni Lyman, ọ̀rẹ́ Jon tó wá bá a gbé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ kejì la rí Odie ajá rẹ̀. Ta la fẹ́ fura sí? Jon ti mọ olè kó tó nawọ́! Ààyè ló ń fún ológbò kó rọra dá a padà. Ológbò ò sì sá, kò fi nǹkan kan pamọ́, àfi bíi baálé ilé.

Ẹ tún gbọ́ o: ásímà ló há Davis mọ́lé ní kékeré, ní oko wọn ní Indiana níbi tí ológbò bíi 25 wà, ibẹ̀ ló ti ń yàwòrán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà tán, ó wá gbé ìkòkò tábà lé ológbò lẹ́nu. Lójú tèmi, ó nídìí.

—Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúu làákàyè. Ẹ kà á pọ̀ mọ́ ti October 1989. Garfield jí, ilé ti dahoro, kò sí Jon, kò sí Odie. Òru ni mo kà á, mo dìde lọ tan iná. Kò sẹ́ni tó máa pariwo orúkọ rẹ̀ mọ́! Èmi gbà pé torí kó lè gbọ́ igbe Jon ló ṣe mú ìkòkò yẹn.

—Àbúrò, mo gbà fún ẹ níbi igbe yẹn. Ṣùgbọ́n Lyman ńkọ́? Ó pòórá, ajá rẹ̀ ṣẹ́ kù sílé onílé, Jon ò sì wá a bó ṣe wá ìkòkò. Ẹni tó bá ní ìrírí lórí ọ̀rọ̀ Lyman, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta.