Ṣẹ́ kọ́, dènà ni

Ẹ̀yin ará, òkun o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ yìí lórí orúkọ tó yẹ oògùn tí obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró. Àbúrò wa tó wà n'Íbàdàn ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, pé ìfètòsọ́mọbíbí ti kó gbogbo rẹ̀ sínú: abẹ́rẹ́ ni o, rọ́bà ni o, oníhóró ni o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "ìdènà oyún pàjáwìrì" ni ká pè é. Ti àbúrò kò wọ̀ mí létí rárá. Ti ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú.

Ìwé pélébé kan ni wọ́n ní kí n túmọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkun wa níbí ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, orí mi wú, mo gbé e lọ bá àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìsánlú, lábẹ́ àtíbàbà ọ̀gá wọn. Mo ní kí ọ̀kan kà á sókè. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18. Ó ka àkọlé, "Ìfètòsọ́mọbíbí fún Ọ̀dọ́," ló bá pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọ̀gá rẹ̀: "Mọ̀ọ́mì, tiyín rèé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbà á, ó ń fi fẹ́ atẹ́gùn síra.

Ọmọ yẹn kò ṣàfojúdi. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ló kà: fi ètò sí ọmọ bíbí. Ẹni tó ń bímọ ló ń fètò sí i. Ẹni tó ti bí mẹ́ta tó fẹ́ sinmi, ẹni tí kò fẹ́ lóyún lé ọmọ ọwọ́, àwọn ló ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ribiribi fún wọn. Rédíò lè pè é lójú àna, kí ẹnikẹ́ni má sì torí rẹ̀ dorí kodò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní ọmọ kankan tó fẹ́ fètò sí. Ẹ sọ ìdènà oyún fún un, yóò dúró gbọ́.

Ẹ sì wo bí ìdènà ṣe jinlẹ̀ tó. Dè pẹ̀lú ọ̀nà ni. Ẹni tó dènà de èèyàn ti lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà kí onítọ̀hún tó yọ. Bí ẹni tí à ń dè bá ti kọjá, asán ni ìlúgọ. Ṣẹ́ ní tirẹ̀, ohun tó ti wà là ń ṣẹ́: a ń ṣẹ́ igi, a ń ṣẹ́ èèkù ìṣáná. Ìṣẹ́yún kò lè ṣáájú oyún. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti sọ àkókò tiwọn láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣàlàyé. Àwa la wá dà wọ́n pọ̀.

Mo bi àwọn ọmọ yẹn pé kí ni wọ́n ń pe oògùn náà. Ọ̀kan ní Postinor. Ọ̀kan ní "oògùn ìṣẹ́yún kékeré." Àwọn yòókù ń wo òwú. Ìṣẹ́yún kékeré yìí ló lé mi kúrò lórí ìjókòó, nítorí ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣeni níjàm̀bá. Ẹni tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni oyún ṣíṣẹ́ kò ní fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ yóò dúró títí nǹkan oṣù yóò fi pẹ́, yóò wá lọ rà á, nígbà tí kò sí ohun tó lè ṣe mọ́.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe rèé. Èròjà tó ń jẹ́ levonorgestrel ló wà nínú rẹ̀, miligíráàmù 1.5 lápapọ̀. Ó ń dá ẹyin obìnrin dúró kí ó má tíì jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ 5, ẹyin tó bá ti jáde kì í sì lò ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà àyè kan wà láàárín ìbálòpọ̀ àti oyún, inú àyè yẹn gan-an ni oògùn náà lúgọ sí. Láàárín wákàtí 72 ló dára jù, ó lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Bí oyún bá ti dúró, kò ní ṣẹ́ ẹ, kò sì ní pa á lára. Àwọn àgbà wa tó ń sọ pé "oyún dúró" ti mọ̀ pé ọjọ́ ìbálòpọ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ tí oyún dúró lọ́tọ̀. (Omi iyọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò dènà ohunkóhun. Mo kọ ìyẹn gàdàgbà sójú ewé kẹta.)

Ó wá ku pàjáwìrì. Mo kà á fún wọn bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀kan béèrè pé, "Kí ni oyún pàjáwìrì, sà? Ṣé èyí tó ń ṣubú lójijì ni?" Kò jẹ̀bi. Pàjáwìrì ti lọ so mọ́ oyún tó wà nítòsí rẹ̀, ó fi ìdènà sílẹ̀ lókèèrè. Ẹ sì mọ̀ pé etí wa kì í gbọ́ pàjáwìrì kó má rántí ẹni tí wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Orúkọ tí mo mú wá ni oògùn kótódoyún. Kí ó tó di oyún. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èdè wa ti ń di odidi gbólóhùn ní orúkọ tipẹ́: kòṣeémánìí, kòbákùngbé, mágùn. Kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ ṣẹ́, ó sì sọ àkókò. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó ka sílébù rẹ̀: mẹ́rin ni, ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ méje. Nígbà tí mo sọ ọ́ lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó da ìwé padà lẹ́ẹ̀kan bi mí pé, "Tó bá ti wá doyún ńkọ́?" Mo ní kó dáhùn fúnra rẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé ó ti bọ́." N kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan nígbà yẹn.

Rọ́bà, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ rọ́bà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn má fi í sábẹ́ ìdènà oyún nìkan, torí òun nìkan nínú gbogbo wọn ló tún ń dáàbò boni lọ́wọ́ HIV àti àrùn ìbálòpọ̀.

Àwọn tó ní à ń lajú ọmọ sí ohun tí kò yẹ, ìjà yín ti pẹ́. Ní 2001, orúkọ ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀. Nígbà tó fi máa di 2003 wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ìdílé àti HIV. Orúkọ yẹn bá ilẹ̀kùn ilé ìwé ṣí, n kò bá wọn jà sí i. Àwọn ìyá wa náà pe oògùn ìdènà oyún tiwọn ní ìgbàdí, wọ́n so ó mọ́ ìdí láìdárúkọ oyún (n kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ o). Àwa tó ń fi òkun kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fi òkun kan náà tu ẹni tó ṣòfò nínú, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè jẹ́ púpọ̀ bí a bá ń wo ojú ẹni tó sọ ọ́. Páálí oògùn kò lójú.

Ìyàgbà ni èmi nínú Òkun. Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ bá mi fi "doyún" sẹ́nu wò, kí ẹ sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ "ẹyin" ṣì wà lójú ewé keje tí n kò tíì mọ bí n ó ṣe ṣe é: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn bi mí bóyá ó ní èèpo.