Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi wọ ọdún kejì, mi ò mọ̀ pé owó rẹ̀ ti yí padà

Àǹtí Ṣadé (Kent): Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sóko rí, ẹ dá mi lóhùn kíá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nínú ilé ọ̀rá (polytunnel) tí mo fi ń gbin nǹkan, ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ó pé 19 ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. £6.40 ni mo kọ́kọ́ ń san fún un ní wákàtí kan, mo sọ ọ́ di £7.55 nígbà tí ìjọba fi kún un ní April 2025, mo ṣe bí mo ti ṣe tán. Àárọ̀ yìí ni ìyá rẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó ní òun ti bá HMRC sọ̀rọ̀, àjọ owó orí UK tó tún ń rí sí owó òṣìṣẹ́. Pé láti oṣù kẹsàn-án tó kọjá ni mo ti ń rẹ́ ọmọ òun jẹ. Wákàtí 39 ló ń ṣe lọ́sẹ̀. Inú caravan mi, ilé onítáyà yẹn, ló ń gbé, mò ń yọ £90 lọ́sẹ̀ fún ìyẹn. Ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé ni? Ṣé kí n dá a dúró? Caravan yẹn ńkọ́?

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Àbúrò, fara balẹ̀. Má dá ẹnikẹ́ni dúró o! Ìyá ọmọ yẹn kò purọ́. Owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyẹn owó tó kéré jù lọ tí òfin ní kí ọ̀gá san fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, wà fún ẹni tí kò tíì pé 19, tàbí ẹni tó ti pé 19 àmọ́ tó ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́. Tó bá ti pé 19, tó sì ti lo ọdún kan, owó ọjọ́ orí rẹ̀ ló kàn. Fún ọmọ ọdún 18 sí 20, £10 ni láti April 2025, £10.85 ni láti April 2026. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí, ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò mi nígbà náà ni pé owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n á máa gbà títí wọ́n á fi ṣe fríìdọ̀mù.

Tómi (Leeds): Mo ti bá yín ṣírò ẹ̀, Àǹtí. £2.45 ló fi dín ní wákàtí kan. Wákàtí 39, £95.55 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 20 ti kọjá báyìí, ó jẹ́ £1,911. Ìyẹn ni gbèsè ọmọ náà. Tó bá jẹ́ HMRC ló wá bá yín níbẹ̀, wọ́n lè bu ìtanràn ìlọ́po méjì lé e, £3,822, wọ́n á wá dá a sí méjì tí ẹ bá san gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n sì lè gbé orúkọ yín síta kí gbogbo ayé kà á.

Àǹtí Ṣadé (Kent): Yéè! Orúkọ bàbá mi kẹ̀?

Tómi (Leeds): Ẹ san án kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ má kówó lé e lọ́wọ́ o, ẹ jẹ́ kó gba inú ìwé owó oṣù rẹ̀ kọjá, kó hàn kedere pé owó tó ṣẹ́kù sẹ́yìn ni. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré tì í.

Àlàájà (Cardiff): Ẹ kú ìrọ́jú, Àǹtí Ṣadé. Kí n tó kó wá sí Cardiff, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ oko ní Hereford ni mo ti ṣiṣẹ́, èmi gan-an ni mò ń lọ yẹ ìwé wò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀yin àti ọmọ náà fọwọ́ sí i? Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ńkọ́, èyí tí ẹ̀yin, ọmọ, àti ilé ẹ̀kọ́ jọ fọwọ́ sí? Tí kò bá sí ìyẹn, kí lẹ máa fi han HMRC pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni?

Àǹtí Ṣadé (Kent): Ó wà nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ó wà.

Àlàájà (Cardiff): Ẹ lọ wò ó báyìí. Mo ti rí àgbẹ̀ tó ní gbogbo nǹkan, tirakítọ̀ mẹ́rin, tí ìwé yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà jẹ̀bi níbẹ̀, kí n má purọ́. Ọ̀gá wa máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Monday, ó di ìparí oṣù kí a tó wá ìwé kiri. Wákàtí ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ oko gan-an, àárín àsìkò tí wọ́n ń gba owó lé lórí ló gbọdọ̀ bọ́ sí, ẹnìkan sì gbọdọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa ń dúró títí ayẹ̀wò á fi kù ọ̀la, a ó wá jókòó máa rántí. Ta ló rántí ohun tí ọmọ kọ́ ní oṣù kẹta? Wọ́n gba owó padà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti parí.

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Ti wákàtí ẹ̀kọ́ yẹn náà wà lára tèmi. Ọjọ́ Wednesday tí wọ́n ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò san kọ́bọ̀. HMRC ní iṣẹ́ ni. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n bàtà! Mo ra bàtà onírin fún àwọn méjèèjì, £68 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo yọ ọ́ nínú owó oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n ní mo jẹ̀bi. Títí dòní mi ò gbà.

Tómi (Leeds): Bàbá, ẹ ṣe é lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Ẹsẹ̀ ta ni bàtà wà? Ẹsẹ̀ mi ni?

Tómi (Leeds): Òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti 1974, abala 9. Ohun tí òfin bá ní kí ọ̀gá pèsè fún ààbò, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Lọ́nà kejì, tí ẹ bá yọ £68 lára ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ, ó ti já wálẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì lórí bàtà kan.

Kúnlé (Aberdeen): Tómi, fún Bàbá láyè kó mí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí kì í dá bàtà padà.

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Ẹ ṣeun, ọmọ mi! Ọ̀kan nínú wọn ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó lọ. Lẹ́yìn oṣù kan mo wakọ̀ kọjá ní ibùdókọ̀, mo rí i tó dúró ti ọ̀dọ́bìnrin kan. Bàtà mi ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá pa á, ó ń dán. Ó juwọ́ sí mi!

Àlàájà (Cardiff): Ẹ juwọ́ sí i padà, Bàbá. Bàtà yín kọ́.

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Àlàájà, ẹ rọra.

Lánre (London): Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ẹ ti dé orí ọ̀rọ̀ bàtà, tíì mi ti tutù. Ṣùgbọ́n Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò ra èyí tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè bọ́ ọ sílẹ̀ lóko?

Tómi (Leeds): Ìyẹn á tún di ẹjọ́ ààbò.

Kúnlé (Aberdeen): Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ojú má ti Bàbá nìkan. Mo gbé ọmọ mi ọdún 11 jókòó tì mí lórí tirakítọ̀. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí Facebook: “Àgbẹ̀ ọ̀la.” Àádọ́rin èèyàn ló tẹ ọkàn pupa sí i. Ẹnìkan ṣoṣo ló kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé òfin 1998 kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 13 gun tirakítọ̀, bóyá ó ń wà á tàbí ó kàn jókòó. Mo sáré pa á rẹ́ bí ẹni tó jí adìyẹ. Ìyàwó mi ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ló kọ ọ́.

Lánre (London): Àwọn tó ń lo ọmọ 17 nígbà tí àgùntàn ń bímọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wákàtí 8 lójúmọ́ ni, 40 lọ́sẹ̀, ọmọ náà ò sì lè fọwọ́ síwèé pé òun fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀.

Kúnlé (Aberdeen): Ta ló gbọ́ London lórí ọ̀rọ̀ àgùntàn? Oko yín jẹ́ ìkòkò efinrin lójú fèrèsé.

Lánre (London): Ó ń so ju oko yín lọ! Aberdeen níbi tí oòrùn ń wá kí èèyàn bí àlejò.

Àlàájà (Cardiff): Wales tí mo wà yìí ló dáa jù fún òṣìṣẹ́ oko, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. A ṣì ní àṣẹ owó oko tiwa, tó ka owó sílẹ̀ ní ìpele ìpele, ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará England, ìgbìmọ̀ owó oko yín ni wọ́n pa rẹ́ ní 2013.

Kúnlé (Aberdeen): Scotland náà ṣì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ o. England nìkan ló ń ṣe bí ọmọ tí kò ní bàbá.

Tómi (Leeds): Nítorí náà kẹ́ni kẹ́ni má lọ gba ìmọ̀ràn Cardiff fi ṣiṣẹ́ ní Kent. Mo bẹ̀ yín.

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Kò sí ìgbìmọ̀ kankan níbi tí èmi ti kọ́ṣẹ́. Káfíńtà ni, ní Mọ́níyà. Bàbá mi san owó, ó ru ọtí lọ, ó tún mú mi dọ̀bálẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Èmi ni mò ń gbá àgbàlá ọ̀gá láàárọ̀, èmi ni mò ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé, kí n tó fọwọ́ kan ayùn. Lọ́sàn-án, gàárì àti ẹ̀pà. Tí HMRC bá débẹ̀, ọ̀gá mi á fi ilé rẹ̀ san gbèsè tó jẹ mí.

Lánre (London): Pẹ̀lú ìtanràn ìlọ́po méjì, Bàbá, ilé méjì.

Bàbá Ìbejì (Lincoln): Àmọ́ ọjọ́ fríìdọ̀mù mi! Mo kúnlẹ̀, ọ̀gá fi òòlù lé mi lọ́wọ́, ó ṣàdúrà títí orúnkún mi fi wọ ilẹ̀. Ìyá mi jó débi pé gèlè rẹ̀ bọ́, kò tilẹ̀ wò ó. Ọmọ tèmi níbí parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i nínú íméèlì. Èmi ni mo se ìrẹsì. Mo ra òòlù kékeré kan fún un, mo ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ọmọ Òyìnbó yẹn. Ó ní ṣé òfin ni.

Àlàájà (Cardiff): Ẹ ti mú mi sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Àǹtí Ṣadé (Kent): Mo ti rí ìwé náà! Àpò ìrẹsì ni lóòótọ́. A fọwọ́ sí méjèèjì. Caravan ńkọ́, ẹ̀yin èèyàn mi?

Tómi (Leeds): Ẹ má bínú, a ti gbàgbé yín. Láti April 2025 títí di March 2026, £10.66 lójúmọ́ ni ẹ lè kà mọ́ owó rẹ̀ fún ibùgbé, ìyẹn £74.62 lọ́sẹ̀. £90 tí ẹ ń yọ, £15.38 ti lé. Ohun tó lé yẹn ń já owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ ìṣirò owó oṣù wò ó. Ṣé owó iná wà nínú £90 yẹn?

Àǹtí Ṣadé (Kent): Iná wà níbẹ̀. Mítà tirẹ̀ ni, àmọ́ èmi ni mò ń gbowó.

Kúnlé (Aberdeen): Ti iná yàtọ̀, mo rò. Tàbí kò yàtọ̀. Àlàájà?

Àlàájà (Cardiff): Mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òjò ń rọ̀. Mà á padà wá.

Lánre (London): Òjò Cardiff. Ibi tó dáa jù.

Àǹtí Ṣadé (Kent): Mo ti pe ìyá rẹ̀ padà. Mo ní £1,911 á wọlé lọ́jọ́ Friday pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní ọmọ náà ń béèrè bóyá òun ṣì lè máa mú ẹ̀fọ́ lọ sílé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iná caravan, ẹ má tíì sùn o.

Lánre (London): Ẹ̀fọ́ wo? Ṣọkọ wà níbẹ̀?