Ẹ gbà mí lọ́wọ́ koríko olórí róbótó tó ń jẹ ìrẹsì mi

Ìyá Tóbi, Ìgbẹmọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Orí ti ń fọ́ mi láti àná, bí ọ̀rọ̀ mi bá rí rádaràda, ẹ má bínú.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbin ìrẹsì lójú àkúrọ̀ kan tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá kan nílùú wa. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ilẹ̀ yẹn. Bàbá ní kí n san owó ọdún méjì pọ̀, mo san án, wọn ò fún mi níwèé. Ó tún di pé ọmọ wọn ní bàbá kò sọ fún òun. A parí ìyẹn. Ó wá kan lébìrà. Ọkùnrin mẹ́rin ni mo pè, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀bà kì í gbé àwọn dúró lóko, iyán làwọn ń jẹ. Mo gúnyán. Wọ́n tu koríko náà tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún yọ lọ súà bí irun orí ọmọ tuntun.

Koríko ọ̀hún ò ga, kò dé orúnkún mi. Orí rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Ó ń so róbótó-róbótó pọ̀ lójú kan, bí ìgbà tí èèyàn lẹ èso kékeré mọ́ra, ewé méjì mẹ́ta sì na ọwọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní òfio ni, kí n má pa á, kí n jẹ́ ó so. Mo walẹ̀ títí èékánná mi fi dúdú, n kò rí òfio kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni kò dáa.

Mo ra oògùn koríko lọ́jà, mo fọ́n ọn, kò ràn án. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, ó dá mi lójú. Oògùn wo ló le ju ìyẹn lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tún pe lébìrà.

Bàbá Àgbà Ìkọ̀lé:
Ìyá ọkọ yín ò purọ́, òfio ni. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, etí odò la ti máa ń hú u lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi á kó o sápò ṣòkòtò, omi á rin ín, ìyá wa á sì nà wá torí ẹrẹ̀. Ẹ tún walẹ̀ dáadáa.

Olóko Ìfàkì:
Ayédèrú, ayédèrú. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara ike náà? Ẹ wọn omi tẹ́ ẹ pò ó mọ́? Oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní 2,4-D ni kí ẹ rà. Ọ̀rọ̀ tán.

Àǹtí Ewéko:
Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fa ẹyọ kan tòun ti gbòǹgbò, ẹ fọ gbòǹgbò náà nínú abọ́ omi, kí ẹ wò ó. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yín yí igi rẹ̀, ṣé ó rí roboto àbí ó ní igun? Ṣé omi dúró lóko yín? Oògùn wo lẹ fọ́n, ìgbà wo lẹ sì fọ́n ọn?

Adé Ìjerò:
Èmi ní ti tèmi, ọdún tó kọjá ni màlúù wọlé sí ìrẹsì mi. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé koríko ni tiyín.

Ìyá Tóbi:
@Adé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. @Àǹtí, mo ti yí i wò. Igun mẹ́ta ló ní, inú rẹ̀ ò sì ṣófo bíi ti ìrẹsì. Gbòǹgbò rẹ̀ rí wúruwùru bí irun, ó pupa rúsúrúsú, kò sí kókó kankan nídìí rẹ̀. @Olóko Ìfàkì, mo mọ̀wé kà o. Gíréèdì Kejì ni mo ṣe.

Àǹtí Ewéko:
A jẹ́ pé kì í ṣe òfio. Cyperus difformis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1756. Mọ̀lẹ́bí òfio ni lóòótọ́, ìyẹn ló mú kí ìyá ọkọ yín ṣì í mọ̀. Gbogbo ìdílé wọn ló sábà máa ń ní igi onígun mẹ́ta tínú rẹ̀ kún, ewé wọn sì máa ń jáde sí ọ̀nà mẹ́ta. Koríko gidi, tí ìrẹsì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ewé rẹ̀ ń jáde sí ọ̀nà méjì ni. Èyí tó wà lóko yín kò ní kókó nísàlẹ̀, hóró nìkan ló fi ń bímọ. Ẹyọ kan péré lè so tó 50,000 hóró, hóró ọ̀hún sì kéré bí eruku. Bó bá rí ẹrẹ̀ tó tutù, láàárín oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ ó lè hù kó sì so. Ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ní wò.

Bàbá Àgbà Ìkọ̀lé:
Àǹtí, òfio náà ní igun mẹ́ta. Kí lẹ ń sọ?

Àǹtí Ewéko:
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo gbà. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Òfio ń na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, á sì so kókó kan sórí okùn náà. Òmíì tún wà lára wọn tí kókó tirẹ̀ dúdú, tó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun jíjẹ. Ti Ìyá Tóbi ò ní èyíkéyìí.

Bàbá Àgbà Ìkọ̀lé:
Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ní òfio.

Olóko Ìfàkì:
2,4-D ni mo wí.

Ìyá Tóbi:
2,4-D yẹn náà ni mo fọ́n! Ike rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Èmi fúnra mi ni mo gbé pọ́ǹpù. Koríko yìí kàn rọ díẹ̀, ó tún gbórí sókè. Nǹkan mìíràn tí n kò fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi àti tòmátì ká kò, ọrùn wọn lọ́ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wo ẹ̀yìn. Mo mọ aládùúgbò tó wà nídìí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. N kò ní dárúkọ.

Àǹtí Ewéko:
Ẹ dúró ná. Ẹ̀fọ́ wo? Níbo ló wà?

Ìyá Tóbi:
Lẹ́bàá ìrẹsì náà ni, mo ṣe ebè mẹ́fà sétí rẹ̀. Kì í ṣe ohun ńlá.

Àǹtí Ewéko:
Ìyá Tóbi, kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí ẹ̀fọ́ yín. Afẹ́fẹ́ ló gbé oògùn yín lọ síbẹ̀. Bí 2,4-D ṣe ń ṣe ẹ̀fọ́ àti tòmátì gan-an nìyẹn. Oògùn tó lọ́ tòmátì lọ́rùn kì í ṣe ayédèrú. Orí koríko yẹn ti yọ kẹ́ ẹ tó fọ́n oògùn, àbí? Ó ti gbó jù. Ìgbà tó ṣì kéré ni oògùn ń mú un.

Olóko Ìfàkì:
Ṣé ẹ wá rí i? Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò yín.

Ìyá Tóbi:
N kò tíì bá a jà, mi ò kàn kí i ni. Orí koríko náà ti ń di rẹ́súrẹ́sú nígbà náà lóòótọ́.

Àǹtí Ewéko:
Ẹ ò tíì dáhùn ti omi.

Ìyá Tóbi:
Omi ń wọlé dáadáa. Mo kàn máa ń ṣí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni, kó ṣàn dànù, torí ó ń kún wọ ẹsẹ̀ ebè ẹ̀fọ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo tún di í. Ẹ má bá mi wí, ẹ̀fọ́ yẹn ni mo fi ń san owó ilé-ìwé Tóbi. Ìrẹsì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni.

Àǹtí Ewéko:
Háà. Ẹ̀yin náà lẹ ń gbìn ín. Hóró rẹ̀ kì í fẹ́ hù lábẹ́ omi tó dúró. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹrẹ̀ fi hàn síta lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fún un, ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí omi ga tó ìka mẹ́rin, kó má gbẹ. Ẹ gbé ebè ẹ̀fọ́ sókè díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀fọ́ lọ síbòmíràn. Ibo sì ni lébìrà kó koríko tí wọ́n tu sí?

Ìyá Tóbi:
Orí ògiri tó sé omi.

Adé Ìjerò:
😂 Hóró náà kàn ń bọ́ padà sínú omi ni o. Ẹ gúnyán fún wọn, wọ́n bá yín gbìn ín.

Olóko Ìfàkì:
N ò kọ́kọ́ sọ pé…

Bàbá Àgbà Ìkọ̀lé:
Ìfàkì, ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀. Ọmọ mi, ìrẹsì náà ti fẹ́ yọ orí?

Ìyá Tóbi:
Kò tíì yọ, bàbá, ó ṣì ń pa ẹ̀ka. Mo ti di ojú omi láàárọ̀ yìí, èmi àti Tóbi sì ti kó èyí tó wà lórí ògiri kúrò, a sun ún. Ebè méjì ti rì. Mo ṣì máa wá ibi tí mo máa kó àwọn tó kù sí.

Mo kí aládùúgbò mi lọ́nà oko. Ó ya á lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi ṣì ní òfio ni, wọ́n ń bọ̀ wá wa á fúnra wọn lọ́la.