Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bá àwọn ayafọ́tò lọ sí Lofoten, àbí kí n fowó mi sápò?

Ayafọ́tò Manchester

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọ àti ọjọ́ ìbí ni mo fi ń jẹun níbí, ó ti di ọdún kẹjọ. Ẹni tó bá ti dúró láti àárọ̀ di aago méjìlá òru nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń pàwọ̀ dà bí agẹmọ, tí ẹbí ìyàwó ń fà á lápá ọ̀tún, tí ẹbí ọkọ ń fà á lápá òsì, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ ya nǹkan tí kò ní pè mí lọ́jọ́ kejì pé "fọ́tò wa ńkọ́?"

Mo wá rí ìrìn àjò ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń polówó: ọjọ́ méje ní erékùṣù Lofoten, lápá àríwá Nọ́wè. Ayafọ́tò àgbà kan ni yóò máa kó èèyàn kiri etíkun, táá máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya òkun, òkè àti ẹyẹ. £2,400 ni. Ilé àti mọ́tò wà nínú ẹ̀. Owó bàálù àti oúnjẹ alẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ lọ́dún. Ti oṣù Kejì, òjò dídì á wà lórí òkè, bí ojú ọ̀run bá sì mọ́ lóru, èèyàn lè rí aurora, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lókè bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ti oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ rárá, wọ́n sì ní a óò rí puffin, ẹyẹ kékeré dúdú-funfun tí àgógó ẹnu rẹ̀ dà bí ohun tí ọmọdé fi ọ̀dà kùn.

Ìyàwó mi ní, "Òkè lo fẹ́ lọ wò? Ṣé wọ́n ti gbé Olúmọ kúrò l'Ábẹ́òkúta ni?" Mi ò tíì rí èsì fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú ẹ̀ rí, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é, àbí kí n dá lọ fúnra mi? Oṣù wo ló dáa? Lẹ́ńsì 24-70 àti 85 (mm) nìkan ni mo ní, kò sí èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ nínú wọn. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú UK.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

£2,400 lórí òkúta! Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìdajì rẹ̀. Màá wọ agbádá funfun, màá dúró gbagidi síbi tẹ́ ẹ bá ní kí n dúró sí, ẹ yà mí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àbúrò, má dá Ìjẹ̀bú lóhùn. Ṣùgbọ́n má san kọ́bọ̀ o, àfi tó o bá ti ro ọ̀rọ̀ físà dópin. Nọ́wè ò sí nínú European Union lóòótọ́, àmọ́ ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè tí físà kan náà fi ń wọ̀, ìwé ìgbélùú UK kò sì lè mú ẹ wọbẹ̀. Wàá gba físà ni. €90 lowó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà 2024. Ìńṣọ́ránsì ìrìn àjò tó o máa mú lọ kò gbọdọ̀ dín ní €30,000. O lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà fi ń dá èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n láṣẹ láti fà á dé 45. Nítorí náà, má dúró di ìparí.

Bi àwọn tó ń ta ìrìn àjò yẹn pé, bí wọn ò bá fún ẹ ní físà, ṣé wọ́n á dá owó rẹ padà? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Èkejì, credit card ni kó o fi san án, má fi káàdì báǹkì lásán san án. Òfin 1974 ti ibí sọ pé ohun tówó rẹ̀ bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, báńkì tó ni káàdì náà máa pín nínú ẹ̀bi bí ẹni tó tà á fún ẹ bá sá lọ tàbí tó kógbá sílé. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi rí, lórí ìrìn àjò Mẹ́kà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Owó náà wọlé padà lóṣù kẹrin.

Àkàndé Onífọ́tò

Mo ti lọ. Oṣù Kẹta ọdún méjì sẹ́yìn, Lofoten yìí náà, ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó bí mi nínú. Èèyàn mẹ́rìnlá ni wá nínú mọ́tò méjì, olùkọ́ sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì a dé orí afárá Hamnøy, níbi tí gbogbo ayé ti ń ya àwọn ilé pupa tó dúró sórí òpó létí omi, tí òkè sì ga gogoro lẹ́yìn wọn. Ká tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá ti gbé tripod tirẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, síbi tó dára jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya tirẹ̀. Àwa tó kù to ara wa sí ẹ̀gbẹ́ afárá bí èrò tó ń dúró de mólúè, èjìká mi wà lábẹ́ apá ará Jámánì kan. Nígbà tí mo bi í nípa filter, gíláàsì tí wọ́n ń fi bo ojú lẹ́ńsì, tí mo rà tìtorí ìrìn àjò yẹn, ó ní "wait, wait." Mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Oòrùn ti kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi wọ́n nìyí: èèyàn mélòó sí olùkọ́ kan? Bó bá ti ju mẹ́fà lọ, ẹ̀kọ́ ti parí, mọ́tò ló kù. Ìkejì: ṣé olùkọ́ máa ń ya fọ́tò tirẹ̀ nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo yà kúrò lẹ́yìn wọn, mo rìn lọ sẹ́yìn abúlé kan. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn. Ẹ̀yin ará, mo mọ òórùn yẹn! Mo gbójú sókè, mo rí àwọn igi tí wọ́n kàn pọ̀ bí òrùlé, ó ga ju ilé lọ, ẹja so rọ̀ sórí wọn ní méjì-méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Panla! Panla gbígbẹ tí àwọn ará ìlà-oòrùn wa ń pè ní okporoko. Wọn ò fi iyọ̀ sí i, wọn ò yan án, afẹ́fẹ́ àti òtútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́ láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún. Ẹja cod ni, láti òkun Barents ló ti ń wá yé ẹyin sí Lofoten nígbà òtútù. Orí wọn wà lọ́tọ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ìdì ata. Bàbá kan tó ń to orí náà bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé orí ẹja kan sókè, ó ní "Nigeria!", ó tún nawọ́ sí gbogbo èyí tó kù, "Nigeria! Nigeria!"

Ọmọkùnrin kan tó lè tó ọdún méjìlá jókòó nítòsí ilé ẹja, ó ń gé ahọ́n orí ẹja. Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn níbẹ̀, wọ́n sì máa ń rí owó gidi nídìí rẹ̀. Ó ń gbé orí kọ́ ṣóńṣó irin, ọ̀bẹ á kọjá, ahọ́n á bọ́ sínú garawa, orí á fò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí n tó yà á. Lẹ́ńsì 85 ni mo lò, irú èyí tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Nínú fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí mo kó bọ̀, òun ló wà lára ògiri pálọ̀ mi. Afárá Hamnøy wà nínú kọ̀ǹpútà, mi ò ṣí i rí.

Adéọlá Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ kú ìrìn. Ẹ ò sọ ti idì.

Àkàndé Onífọ́tò

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Láti ìlú Svolvær la ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Trollfjord. Ahọ́n òkun tóóró ni, òkúta dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì. Idì òkun ibẹ̀, bó bá na ìyẹ́ tán, ó lè tó mítà 2.4, kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tó ń fò. Atukọ̀ á ju ẹja sómi, idì á já bọ́, á gbé e lọ. 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá ni kẹ́ ẹ gbé shutter sí, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, kò gbọdọ̀ falẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún èyí, 85 ò tó. Ẹ yá lẹ́ńsì gígùn 100-400, ẹ má rà á.

Adéọlá Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ẹja tí wọ́n ń jù fún idì yẹn ni kò bá mi lára mu. Fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n pè wá jẹun kọ́ ni mo ń wá.

Àkàndé Onífọ́tò

Adéọlá, ìwọ náà ò kì í fọ́n àgbàdo kí adìẹ rẹ tó wọlé?

Adéọlá Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Mi ò kì í ta fọ́tò adìẹ mi pé ẹranko igbó ni! Ó dáa, ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ayafọ́tò Manchester, bó bá jẹ́ torí puffin lẹ fẹ́ ṣe lọ lóṣù Kẹfà, wọ́n fẹ́ tàn yín díẹ̀. Puffin Lofoten, Røst ló pọ̀ sí, lọ́hùn-ún ní ìdí àwọn erékùṣù náà, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí mọ́tò yín máa gbà. Ti Røst pàápàá ti dín kù gan-an láti ìparí àwọn ọdún 1970 wá, torí pé ọmọ ẹja herring tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn kì í tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ puffin dáadáa ní Nọ́wè, Hornøya ló yẹ kó lọ, lójúko ìlú Vardø, ìlà-oòrùn pátápátá. Ọkọ̀ á gbé yín sọdá, ẹ ó sì bá ẹyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Manchester lẹ wà! Bempton Cliffs, òkúta gíga etí òkun, wà ní Yorkshire. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, puffin wà níbẹ̀, gannet, ẹyẹ òkun ńlá funfun, kún etí òkúta bí èrò ọjà Ọjà-Ọba. Kò gba físà, ẹ lè jẹun àárọ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ yá lẹ́ńsì gígùn fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ lọ wò bóyá ẹyẹ tiẹ̀ bá yín lára mu. Àwọn kan ò mọ̀ pé dídúró wákàtí mẹ́rin fún ẹyẹ kan le ju owàḿbẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Oslo

Ọdún kọkànlá mi rèé nílùú yìí. Mo fẹ́ sọ díẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọn ò dáko sí níbí, gbogbo ayé ló láǹfààní láti rìn ín. Òfin 1957 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Òkun ò ní géètì, òkè ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, £2,400 yẹn kì í ṣe owó ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rí, owó ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó mọ̀ pé bí ìkùukùu bá bo abúlé Reine, ojú ọ̀run lè mọ́ ní etíkun Uttakleiv, táá sì jí yín láago kan òru láti wa mọ́tò débẹ̀. Bí ẹni yẹn bá wà lóòótọ́, ẹ sanwó fún un. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà E10 kan ṣoṣo ló la gbogbo erékùṣù náà já, ẹ ò lè sọnù. Ṣùgbọ́n yìnyín máa ń dì sójú ọ̀dà, ọ̀nà náà sì tín-ín-rín. Ẹni tí kò bá wa mọ́tò lórí yìnyín rí, kó má fi Lofoten kọ́ ọ.

Òtútù ibẹ̀ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Omi gbígbóná láti gúúsù ń ṣàn gba etíkun wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lofoten wà lókè òbìrí Arctic, ó sábà máa ń wà nítòsí 0°C lóṣù Kejì. Atẹ́gùn ló ń pààyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì, tín-ín-rín nínú, nípọn lóde. Ẹ ra irin tí wọ́n ń so mọ́ ìdí bàtà. Bátìrì, ẹ mú mẹ́rin, kẹ́ ẹ kó wọn sápò àyà, torí òtútù máa ń fa agbára wọn gbẹ. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ti kámẹ́rà bọ inú ọ̀rá, ẹ dì í pinpin, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ẹni tó bá gbé e wọlé lásán, omi á bò ó bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì.

Ti aurora: lẹ́ńsì fífẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/2.8, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 1600 sí 3200, kí shutter ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 15. Ẹ fi ọwọ́ mú focus lórí ìràwọ̀ kan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà lé kámẹ́rà lọ́wọ́. Ẹ ò sì ní rí i lóṣù Kẹfà láé, ojúmọ́ ò jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Bọ̀dá Oslo, ẹ ṣeun. Èmi tí mi ò ní kámẹ́rà, ó ti ń wù mí.

Ayafọ́tò Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbè yín. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ta ìrìn àjò náà lálẹ́ àná. Wọ́n ní èèyàn méjìlá, olùkọ́ kan. Mo bi wọ́n nípa físà. Wọ́n ní £600 tí mo bá kọ́kọ́ san ti lọ nìyẹn. Mo bi wọ́n bóyá olùkọ́ máa ń ya tirẹ̀. Wọ́n dáhùn gbogbo ìyókù, wọ́n fo ìyẹn. Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Mo ti rí àwọn mìíràn tí wọn kì í kó ju mẹ́fà lọ, ti oṣù Kẹta. Wọ́n wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kí n tó sanwó, màá kọ́kọ́ lọ sí Bempton ní Sátidé kan pẹ̀lú lẹ́ńsì àyálò.

Ohun tó jẹ́ kí n mú oṣù Kẹta rèé. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àkàndé sétí ìyá mi lórí fóònù. Panla ni màmá ń tà ní Bódìjà láti 1987, òun ló fi rán wa nílé ìwé. Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Nọ́wè ni wọ́n ń kọ sára àpò yẹn. Mi ò mọ̀ pé orí igi ni wọ́n ń sá a sí. Yà á wá fún mi."

Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Kò sọ ti Olúmọ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, kí màmá tó pa fóònù, ẹ bá mi bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń ta orí rẹ̀ báyìí.