Oúnjẹ ìbílẹ̀ Estóníà ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ: ẹ sọ ohun tí ẹ bá pàdé

Arìnrìn-àjò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti sùn ní Tallinn, Tartu tàbí Pärnu, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n gbé síwájú yín láàárọ̀? Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo wọ̀ ní Tallinn, mo bá leib, búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ọkà rye ṣe tó sì kan díẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ àti kama, ìyẹn ìyẹ̀fun ọkà yíyan. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni àlejò ti ń kọ́kọ́ mọ ìlú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tartu: Ẹ ṣoríire, ẹ̀gbọ́n. Níbi tí àwọn òbí mi wọ̀ sí nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi, ẹ̀wà inú agolo àti sọ́séèjì tó wà káàkiri ayé ni wọ́n tò sílẹ̀. Leib wà ní kọ̀rọ̀ láìsí ìwé kankan tó sọ ohun tó jẹ́, bàbá mi sì rò pé ó ti jóná ni, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí, torí pé nílẹ̀ yìí, láyé àtijọ́, bí ègé leib bá bọ́ sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń mú un, tí wọ́n á sì fẹnu kò ó.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ń fẹnu ko búrẹ́dì?

Alásè Tallinn: Bẹ́ẹ̀ ni, mà, àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́. Ilé ìdáná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, èyí tí àlejò sì máa ń béèrè jù lọ́wọ́ wa ni kiluvõileib, ìyẹn búrẹ́dì tí a tẹ́ ẹja kilu lé. Ẹja kilu kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Inú iyọ̀ àti èròjà olóòórùn ló ti ń rọ̀, a kì í fi iná kàn án. A ó yọ egungun rẹ̀, a ó fi bọ́tà pa leib dáadáa, a ó tẹ́ ẹja náà lé e, lẹ́yìn náà ni ẹyin bíbọ̀ àti ewé àlùbọ́sà. Bí bọ́tà bá kéré, iyọ̀ ẹja náà yóò borí gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Àádùn ni kama, ẹ má wulẹ̀ tàn wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tartu: Rárá, sà. Àgbàdo àti epo pupa ni ti àádùn. Ọkà báálì, rye, óòtì àti ẹ̀wà pea ni wọ́n ń lọ̀ fún kama, wàrà kíkan ni wọ́n sì fi ń pò ó.

Ọmọ Ìbàdàn: Yíyan tí wọ́n ń yan ọkà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni mo ń wí. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Alhaja: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé Mùsùlùmí lè jẹ verivorst tí wọ́n ń polówó lásìkò Kérésìmesì?

Alásè Tallinn: Rárá o, Alhaja. Sọ́séèjì ni, ẹ̀jẹ̀ àti ọkà báálì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Mulgipuder náà, ìyẹn ànàmọ́ òyìnbó tí a gún pọ̀ mọ́ ọkà báálì, ẹ béèrè kí ẹ tó bù ú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín lé e lórí.

Alhaja: Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Ìyá Ìbejì: Ṣé mulgipuder tí UNESCO kọ sínú àkójọ àjogúnbá rẹ̀ ní 2024 nìyẹn? Kí ló dé tí hòtẹ́ẹ̀lì ò fi gbé e síta láàárọ̀?

Arìnrìn-àjò: Ìbéèrè mi gan-an nìyẹn. Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fún ilé oúnjẹ tó dára jù ní ìràwọ̀, ti ń ṣàyẹ̀wò ilé oúnjẹ Estóníà láti 2022, àwọn kan ti gba ìràwọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àlejò ló lè sanwó oúnjẹ bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ àárọ̀ ti wà nínú owó yàrá.

Alásè Tallinn: Wọ́n ń bẹ̀rù pé àlejò kò ní jẹ ẹ́ ni. Níbi tiwa, láti ìgbà tí a ti ń kọ orúkọ oúnjẹ àti ìlú tí ó ti wá síwájú àwo, ẹja yíyan láti adágún Peipsi kì í ṣẹ́ kù mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tartu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi. Bàbá mi ń padà bọ̀.