Èèpo iwájú ìwé ìròyìn orin fún àwọn ọ̀dọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìwé títẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni: ìwé ìròyìn orin fún ọmọ ọdún 13 sí 17, ìwọ̀n A4, ojú-ìwé 16. Iye tí 4 lè pín ni mo mú, torí stapler la máa fi kàn án láàárín, bébà kọ̀ọ̀kan tá a bá ká sí méjì sì ń di ojú-ìwé mẹ́rin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú-ìwé òfìfo á yọjú.

Àwòrán olórin tó wà níwájú ti wà ní 300 dpi (iye àmì kéékèèké nínú íǹṣì kan), mo sì ti fi mìlímítà 3 kún etí rẹ̀ kí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé má baà fi ìlà funfun sílẹ̀. Àmọ́ orí olórin náà bo lẹ́tà méjì nínú orúkọ ìwé. Ìwé tó ti lókìkí lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí aráyé ti mọ orúkọ rẹ̀. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde ni. Ṣé kí n fa orúkọ náà wá síwájú àwòrán, àbí kí n sún olórin náà wálẹ̀?

Ọ̀rọ̀ inú ló tún ń dùn mí jù: lẹ́tà funfun, ìwọ̀n pọ́íǹtì 9, lórí ilẹ̀ dúdú. Tàdáwà ń ràn wọnú lẹ́tà, àwọn ìlà tínrín ara “e” àti “a” sì ń parẹ́. Ṣé pọ́íǹtì 10 tó nípọn díẹ̀ á tó, àbí kí n pa ilẹ̀ dúdú náà tì pátápátá?