Ojú 16 nínú Ifá, àwòrán 16 nínú yanrìn títẹ̀: òtítọ́ kan náà ni, àbí ìṣirò lásán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin babaláwo, ẹ̀yin àlùfáà, àtẹ̀yin tí ẹ kò gba èyíkéyìí gbọ́. Àwọn kan ní bí Ifá ṣe ní ojú odù 16, tí yanrìn títẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí àwọn àlùfáà ń ṣe, náà sì ní àwòrán 16, odò kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì ti pọnmi.

Ẹ rọra ná. Ìpele mẹ́rin ni odù tàbí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní, tí ìpele kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ àmì kan tàbí méjì: 2×2×2×2, 16 náà ni, ìbáà jẹ́ ọmọdé ló ń ṣeré.

Ìtumọ̀ ló yẹ ká wò. Àmì kan ní ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ogbè. Àwọn oníyanrìn ń pè é ní Tariq, ìyẹn ọ̀nà. Méjì-méjì ni Ọ̀yẹ̀kú. Tiwọn ni Jamaa, àpéjọ ènìyàn. Kí ló pa Ọ̀yẹ̀kú àti àpéjọ pọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n wéra, kó ṣọ́ra. Nínú Ifá, bí ikin (èkùrọ́ tí babaláwo fi ń dífá) kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, àmì méjì là ń tẹ̀; bí méjì bá kù, ọ̀kan. Nínú yanrìn, tí a bá ka àmì ní méjì-méjì tí ọ̀kan sì kù, àmì kan péré là ń tẹ̀. Ẹni tó bá fi iye ìṣẹ́kù wéra, Ọ̀yẹ̀kú ni yóò pe Ogbè.

Ta ló lè bá mi kọ ìtumọ̀ 14 tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ẹbọ àti sàárà ọ̀kọ̀ọ̀kan? Mélòó ló bára mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àmì wọn, ẹ má kọ orúkọ nìkan.